Ẹ Jẹ́ Kí Ẹ̀rọ Sọ Tẹnu Rẹ̀

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn oníṣẹ́ kọ̀ǹpútà àti akẹ́kọ̀ọ́ ní Agbójú, ìjọba ìbílẹ̀ Amúwò-Ọ̀dọ̀fin, Èkó

 

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá kò ju ẹyọ kan lọ. Nígbà tí kọ̀ǹpútà bá kọṣẹ́, ẹ bi í léèrè kí ẹ tó fọwọ́ kàn án. Ní àdúgbò wa, ohun tí oníbàárà sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ ni pé, "A máa fọ́ọ̀mátì ẹ̀ ni." Kí ẹnikẹ́ni tó wo ohun tó ṣẹlẹ̀, wọ́n ti pa gbogbo ohun tó wà nínú ẹ̀rọ rẹ́: àwòrán ìsọmọlórúkọ, àkọsílẹ̀ gbèsè ṣọ́ọ̀bù, iṣẹ́ àṣekágbá ọmọ yunifásítì. Ẹ̀rọ náà lè dìde lóòótọ́. Àmọ́ tó bá jẹ́ pé okùn dísìkì ló ti gbó, nǹkan kan náà á tún ṣẹlẹ̀ kí oṣù tó parí, ẹ̀rí tí ì bá sì tọ́ wa sọ́nà ti bá fọ́ọ̀mátì lọ.

Orí àwọn ètò ìdílé Unix ni màá dúró sí, pàápàá Linux, nítorí pé wọ́n máa ń sọ̀rọ̀. Ní 1969 ni Ken Thompson bẹ̀rẹ̀ Unix ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, tí Dennis Ritchie sì dara pọ̀ mọ́ ọn. Nígbà tí ìwé atọ́nà wọn àkọ́kọ́ jáde ní oṣù kọkànlá 1971, wọ́n ya apá kan sọ́tọ̀ lábẹ́ àlàyé àwọn àṣẹ, wọ́n pè é ní BUGS. Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe ètò náà fúnra wọn ti sọ ibi tó kù díẹ̀ káàtó. Títí dòní, tí ẹ bá tẹ man, tí ẹ fi àyè kan sílẹ̀, tí ẹ sì tẹ orúkọ àṣẹ, ẹ ó ṣì rí apá yẹn nínú ọ̀pọ̀ wọn. Mo fẹ́ràn ìwà yẹn púpọ̀. Oníṣẹ́ ọwọ́ tó bá ń sọ ibi tí ọjà rẹ̀ kò ti pé, ẹni tó ṣeé bá dòwò pọ̀ ni.

Ní 1977, nígbà tí àwọn àlejò ayẹyẹ FESTAC láti orílẹ̀-èdè tó lé ní 50 wọ àwọn ilé tí à ń pè ní Festac Town lónìí, Bill Joy wà ní Yunifásítì California ní Berkeley, ó ń kó ẹ̀ka Unix tó di BSD jọ. Apá púpọ̀ nínú macOS ti ẹ̀ka yẹn wá. Ní oṣù kẹjọ 1991, Linus Torvalds, ọmọ Finland, kéde ohun tó di Linux. Kernel Linux, ìyẹn ọkàn ètò náà tó ń bá ẹ̀rọ sọ̀rọ̀, ló wà nínú gbogbo fóònù Android, nínú ọ̀pọ̀ ráútà, àti nínú àwọn ẹ̀rọ POS tuntun tó ń lo Android. Ẹni tó ń tún fóònù ṣe lọ́jà Agbójú, tó ní òun ò mọ nǹkan kan nípa Linux, ti ń bá a ṣiṣẹ́ tipẹ́.

Bẹ́ẹ̀ sì ni iṣẹ́ náà á máa pọ̀ sí i. Tòkunbọ̀ ni ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà tó ń dé ọwọ́ wa. Wọ́n ń gba èbúté Àpápá àti Tin Can wọlé, wọ́n sì ń já sí Alábà ní Ọ̀jọ́, tí kò jìnnà sí wa rárá, tàbí Computer Village ní Ìkẹjà. Ìwádìí tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti BCCC-Africa (ibùdó Àdéhùn Basel fún Áfíríkà) tó wà ní Ìbàdàn ṣe ní èbúté Èkó ní 2015 àti 2016 fi hàn pé ẹrù ẹ̀rọ oníná àlòkù tó ń wọlé lọ́dún kan tó nǹkan bí 60,000 tọ́ọ̀nù, àti pé púpọ̀ nínú wọn ti kú kí wọ́n tó gúnlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá 2025, Microsoft ṣíwọ́ àtìlẹyìn fún Windows 10. Àwọn ẹ̀rọ tí kò ní ẹ̀yà ààbò TPM 2.0 kò lè gba Windows 11 lọ́nà tí ilé-iṣẹ́ náà fọwọ́ sí. Àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyẹn kò tíì kú o. Linux ń ṣiṣẹ́ lórí wọn dáadáa, ọ̀dọ̀ yín ni wọ́n sì ń bọ̀.

Ìbéèrè àkọ́kọ́, oníbàárà la ó bi. Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ ṣe sí i kó tó bẹ̀rẹ̀? Ṣé gbogbo ìgbà ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ àbí lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan? Ẹ má jẹ́ kó tán síbi "kò ṣiṣẹ́." Màmá tó ń ta aṣọ lọ́jà lè má mọ ohun tí kernel ń jẹ́, àmọ́ ó mọ̀ dájú pé ìgbà tí ọmọ òun bá ki fílàṣì bọ ẹ̀rọ ni ojú rẹ̀ ń ṣókùnkùn. Ọ̀rọ̀ yẹn lè gbà yín lọ́wọ́ iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta. Ẹ fi sùúrù gbọ́ ọ, ẹ pè wọ́n ní Mọ́mì bó ṣe yẹ, ẹ má fi Gẹ̀ẹ́sì oníṣẹ́ dẹ́rù bà wọ́n.

Lẹ́yìn náà ló kan ẹ̀rọ. Àṣẹ dmesg ń gbé ohun tí kernel ti ń sọ láti ìgbà tí ẹ tan ẹ̀rọ jáde: ohun tó rí, ohun tó pè tí kò dáhùn, ohun tó dáhùn lẹ́yìn tó pè é lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Àṣẹ journalctl ń kó ti kernel àti ti àwọn ètò yòókù pọ̀ sójú kan. Lórí ẹ̀rọ tí kò lo systemd, ètò tó ni journalctl, inú /var/log ni kí ẹ lọ wò. Àkọsílẹ̀ yìí máa ń gùn, Gẹ̀ẹ́sì sì ni, ó sì máa ń le lójú. Ẹ tẹ dmesg --level=err,warn, kí ó yọ ìyókù kúrò lójú yín. Kì í wá ṣe gbogbo ohun tó bá pupa ló burú. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà alágbèéká ló ń ráhùn nípa ACPI, ètò tó ń ṣàkóso iná inú ẹ̀rọ, láti ọjọ́ tí wọ́n ti jáde nílé-iṣẹ́, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ wọn lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń rọ àwọn ọmọ iṣẹ́ pé lọ́jọ́ tí ara ẹ̀rọ bá dá ṣáṣá, kí wọ́n fi dmesg -t, tí kì í fi aago síwájú ìlà, tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀ sínú fáìlì kan. Lọ́jọ́ wàhálà, àṣẹ diff á fi tàná wé tòní, ohun tó yàtọ̀ á sì yọ sójú.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí iná, torí ibẹ̀ ni tiwa ti yàtọ̀ sí ti ẹni tó wà ní London tàbí Houston. Àwọn tó ń kọ̀wé nípa Linux sábà máa ń kọ ọ́ bíi pé iná kì í lọ. Níhìn-ín, NEPA á gbà á, jẹnẹrétọ̀ á dá a padà, ínfátà á gbà á lọ́wọ́ jẹnẹrétọ̀, fóltéèjì tó yẹ kó wà ní 230 á máa gòkè, á máa sọ̀ kalẹ̀. Kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ nígbà náà? Tí ẹ bá fi iṣẹ́ pamọ́, Linux kì í sáré gbé e lọ sórí dísìkì lójú ẹsẹ̀. Inú RAM ló ń gbé e sí ná, kó lè kó wọn jọ kọ lẹ́ẹ̀kan. Ètò fáìlì ext4 ń kọ journal rẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 5, àmọ́ ọ̀rọ̀ tí ẹ tẹ̀ gan-an lè wà nínú RAM fún bí ìṣẹ́jú àáyá 30. Tí iná bá lọ láàárín àkókò yẹn, ó di àwátì.

Ohun tí journal wà fún ni kí ìṣètò fáìlì má bàa dàrú. Kì í ṣe ẹ̀jẹ́ pé ohun tó wà nínú fáìlì kò ní sọnù. Nítorí náà ni oníbàárà ṣe ń mú ẹ̀rọ wá lẹ́yìn tí iná bá lọ, tí orúkọ fáìlì wà níbẹ̀, tí inú rẹ̀ sì ṣófo, tí wọ́n á ní fáírọ́ọ̀sì ló jẹ ẹ́. Kò sí fáírọ́ọ̀sì níbẹ̀. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ pàtàkì, kó máa tẹ sync nígbà tó bá ti fi iṣẹ́ pamọ́ tán. Àṣẹ yẹn ń lé ohun tó wà nínú RAM lọ sórí dísìkì. Kó sì mójú tó bátìrì rẹ̀, torí kọ̀ǹpútà alágbèéká tí bátìrì rẹ̀ ti kú kò ní ohunkóhun tó lè gbà á sílẹ̀ nígbà tí iná bá já.

Báwo la ṣe lè mọ̀ bóyá iná ló pa ẹ̀rọ, àbí ooru, àbí ẹnìkan ló pa á? Ẹ tẹ last -x. Ó ń to ìgbà tí ẹ̀rọ tan àti ìgbà tó kú. Níbi tí ẹ bá ti rí crash, ẹ̀rọ kò dágbére kó tó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ journalctl -b -1 -e, kí ẹ ka ìlà tó kẹ́yìn ṣáájú kó tó kú. Tó bá jẹ́ pé àwọn ètò ń palẹ̀ mọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan ni, ọwọ́ ẹnìkan ló pa á. Tí ẹ bá rí i tó ń sọ pé ìgbóná ti kọjá ààlà, ẹ lọ tú fáànù, kí ẹ gbọn eruku ọyẹ́ àti eruku títì Àgbádárìgì kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì pààrọ̀ ìpara tó wà láàárín CPU àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ bá kàn já láàárín gbólóhùn, láìsí ìkìlọ̀ kankan, iná ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí: ṣájà, ihò ṣájà, okùn ògiri, tàbí àkókò tí wọ́n ń yí láti NEPA sí jẹnẹrétọ̀. Ẹ wo aago tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà náà, kí ẹ wá bi oníbàárà ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ nílé wọn ní déédéé àkókò yẹn.

Ẹ ṣọ́ra níbí o. Lórí àwọn ẹ̀rọ mìíràn, inú /run ni àkọsílẹ̀ tí journalctl ń kà ń gbé, RAM sì ni /run. Tí ẹ̀rọ bá kú, àkọsílẹ̀ bá a kú. Ẹ dá fódà /var/log/journal sílẹ̀, kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn, láti ọjọ́ náà lọ á máa wà lórí dísìkì. Gbogbo ẹ̀rọ Linux tó bá gba ọwọ́ yín kọjá, ẹ bá mi ṣe èyí fún un.

Ọ̀rọ̀ dísìkì ló máa ń dùn mí jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ba ohun ìní olóhun jẹ́ jù. Ká sọ pé wọ́n gbé kọ̀ǹpútà wá láti 5th Avenue ní Festac, tó lọ́ra bí ìgbín, tó sì ń kọ̀ láti fi iṣẹ́ pamọ́. Ìkìlọ̀ tó ń gbé jáde ni Read-only file system. Ọ̀pọ̀ ń rò pé ọ̀rọ̀ àṣẹ ìwọlé ni, wọ́n á máa tẹ chmod kiri. Òun kọ́. Kernel ti rí àṣìṣe lórí dísìkì, ó sì ti ti ilẹ̀kùn ìkọ̀wé pa fúnra rẹ̀ kí ìbàjẹ́ má bàa pọ̀ sí i. Ẹ ka dmesg. Ẹ ó rí I/O error, pẹ̀lú orúkọ dísìkì tó ń ṣe é.

Nígbà náà, ẹ tẹ sudo smartctl -a /dev/sda. Dísìkì fúnra rẹ̀ ń tọ́jú ìwé àkọsílẹ̀ ìlera ara rẹ̀. Ẹ wo nọ́ńbà 5, 197 àti 198. Nọ́ńbà 5 ń ka ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi ibòmíràn rọ́pò. 197 ń ka ibi tí kò ṣeé kà tí ó ṣì ń dúró de ìdájọ́. 198 ń ka ibi tó yẹ̀ wò tí kò ríran kà rárá. Tí mẹ́ta yìí bá ń gòkè, dísìkì ń kú lọ. Àmọ́ tí mẹ́ta yẹn bá wà ní òdo, tó jẹ́ 199 ló ń gòkè, okùn tó so dísìkì mọ́ bọ́ọ̀dù ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Ọ̀rọ̀ ló ń bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Okùn SATA kò wọ́n rárá lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísìkì tuntun, bẹ́ẹ̀ dísìkì ni wọ́n ń tà fún oníbàárà tí okùn nìkan jẹ níyà.

Tó bá wá jẹ́ pé dísìkì ló ń kú lóòótọ́, ẹ má tẹ fsck. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Iṣẹ́ fsck ni láti tún ìṣètò fáìlì ṣe, á sì máa kọ nǹkan sórí dísìkì tí kò lágbára mọ́, ìyẹn lè pa ohun tó kù. Ẹ so dísìkì mìíràn mọ́ ẹ̀rọ, kí ẹ fi ddrescue ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀. Ètò yẹn gbọ́n: ibi tó rọrùn kà ló ń kọ́kọ́ kó, ó ń fo ibi tó le, á padà síbẹ̀ nígbẹ̀yìn, ó sì ń kọ ibi tó dé sílẹ̀, kí iná má bàa sọ iṣẹ́ rẹ̀ di òfo. Orí ẹ̀dà yẹn lẹ ti lè tẹ fsck. Orí ètò fáìlì tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, tí wọ́n ti mount láti kọ̀wé sí, ẹ má tẹ ẹ́ láé.

Ti dísìkì tó kún kò pẹ́ lẹ́nu. Ẹ tẹ df -h. Tí àyè bá wà síbẹ̀ tó ṣì ń sọ pé àyè ti tán, ẹ tẹ df -i. Ó lè jẹ́ iye fáìlì tí ètò náà lè gbà ló pé, bí fáìlì kéékèèké bá ti pọ̀ jù. Tí ẹ bá pa fáìlì ńlá rẹ́ tí àyè kò yọ, ètò kan ṣì dì í mú. Àṣẹ lsof +L1 á dárúkọ rẹ̀.

Ti RAM ṣòro ju ìyẹn lọ, torí RAM tó bàjẹ́ máa ń purọ́ mọ́ ẹlòmíràn. Ètò tó ń wo íntánẹ́ẹ̀tì á kú lójijì, wọ́n á ní òun ló bàjẹ́. Wọ́n á fi òmíràn sí i, ìyẹn náà á kú. Àwọn àgbà ní agbẹ́jọ́ẹnìkandá, àgbà òṣìkà. Tó bá jẹ́ ètò kan náà ló ń kú níbi kan náà, ẹ bá ètò yẹn jà. Tó bá jẹ́ pé onírúurú ètò ló ń kú níbikíbi tó bá wù wọ́n, ẹ gbé memtest86+ sórí fílàṣì, kí ẹ fi í tan ẹ̀rọ, kó ṣiṣẹ́ mọ́jú tí iná bá gbà bẹ́ẹ̀. Àṣìṣe ẹyọ kan péré ti tó láti dá RAM lẹ́bi. Tí igi RAM bá jẹ́ méjì, ẹ yọ ọ̀kan, kí ẹ tún un dánwò, kí ẹ wá yọ èkejì. Ẹ fọ ẹnu rẹ̀ náà, torí ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ etí omi wa máa ń jẹ́ kó dípẹtà. Ohun kan ṣoṣo ni kí ẹ máa yí padà lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá pààrọ̀ RAM, tó yọ bátìrì, tó tún tún ètò fi sí i lọ́jọ́ kan náà kò ní mọ èwo ló ṣiṣẹ́, nígbà tí irú rẹ̀ bá sì tún dé, àfi kó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ tó ní òun kò lè ṣí ojúlé báńkì, tí íntánẹ́ẹ̀tì sì wà, ẹ wo aago rẹ̀. Bátìrì kékeré CR2032 tó wà lórí bọ́ọ̀dù ti kú, aago sì ti padà sẹ́yìn lọ jìnnà. Ìwé ẹ̀rí ààbò ojúlé ní ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó máa parí. Lójú ẹ̀rọ tó rò pé ọdún àtijọ́ la wà, ìwé ẹ̀rí tòní kò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ẹ pààrọ̀ bátìrì, ẹ tún aago ṣe, ó parí.

Ẹ̀yin tẹ ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ò ní gbàgbé módẹ́ẹ̀mù USB tí gbogbo ilé ń lò kí ráútà tó gbòde. Ẹ ki i bọ Linux, fáìlì CD ló gbé jáde, íntánẹ́ẹ̀tì ò sí. Ọ̀pọ̀ ló ní Linux ò dára nítorí ẹ̀, ṣùgbọ́n módẹ́ẹ̀mù náà ló ní ojú méjì. Tó bá kọ́kọ́ wọlé, ó ń ṣe bí dísìkì kí Windows lè rí ètò tó fẹ́ fi sí ara rẹ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ń yí di módẹ́ẹ̀mù. Àṣẹ lsusb máa ń tú u fó: tí ẹ bá rí 12d1:1446, 12d1 ni nọ́ńbà ìdánimọ̀ Huawei, 1446 sì ni ojú dísìkì yẹn. Ètò usb_modeswitch ló ń bá a sọ̀rọ̀ kó yí padà. Ẹ tún tẹ lsusb lẹ́yìn rẹ̀, ẹ ó rí i pé nọ́ńbà ẹ̀yìn ti yàtọ̀. Wi-Fi náà rí bẹ́ẹ̀: lspci -k á sọ bóyá dráífà ti gba ẹ̀rọ náà, rfkill list á sì sọ bóyá bọ́tìnì ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi tì í. Ẹ tẹ méjèèjì kí ẹ tó sọ fún ẹnikẹ́ni pé káàdì rẹ̀ ti jóná.

Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, íntánẹ́ẹ̀tì dákú ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Àwọn okùn abẹ́ òkun WACS, ACE, MainOne àti SAT-3 ló bàjẹ́ ní etíkun Côte d'Ivoire. Ètò báńkì dàrú ní Nàìjíríà. Ẹni tó mọ bí a ṣe ń wá ìdí nǹkan kò ní tú ráútà lọ́jọ́ náà. Á kọ́kọ́ ping ráútà inú ilé. Ó dáhùn, ilé kò lẹ́bi. Á tẹ traceroute, á máa wo ibi tí ìdáhùn ti ń dúró, láti ilé dé ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì, láti ibẹ̀ dé òkè òkun. Á gbìyànjú ojúlé tó wà lórí ẹ̀rọ ní Èkó níbí, á wá gbìyànjú ti Yúróòpù. Tó bá ping nọ́ńbà tó dáhùn, tí orúkọ kò dáhùn, DNS tó ń yí orúkọ padà sí nọ́ńbà ló ṣẹ̀. Ibi tí ohun tó ń ṣiṣẹ́ bá ti pàdé ohun tí kò ṣiṣẹ́, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wà.

Oṣù yẹn kan náà ló tún bí èyí tó jọ mí lójú jù nínú iṣẹ́ yìí. Andres Freund, ẹnjiníà tó ń ṣiṣẹ́ lórí ètò dátàbéèsì PostgreSQL, ń dán nǹkan wò lórí ẹ̀dà Debian, ọ̀kan nínú àwọn Linux, tí wọn kò tíì gbé jáde fún gbogbo ènìyàn. Ó ṣàkíyèsí pé wíwọlé sórí ẹ̀rọ láti ọ̀nà jíjìn nípasẹ̀ SSH ń gba nǹkan bí ìdajì ìṣẹ́jú àáyá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì ń jẹ CPU ju bó ṣe yẹ. Ìdajì ìṣẹ́jú àáyá! Ọ̀pọ̀ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Kò tún ètò náà fi sórí ẹ̀rọ. Ó tọpa rẹ̀ títí ó fi dé inú ibi ìkówèésí kan tó ń jẹ́ liblzma, apá kan nínú xz, ètò tó ń fún fáìlì pọ̀, tó sì rí i pé ẹnìkan ti fi ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pamọ́ sínú ẹ̀dà 5.6.0 àti 5.6.1, èyí tí ì bá jẹ́ kí olè lè wọ ẹ̀rọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Ó kéde rẹ̀ fún gbogbo ayé ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta 2024, kó tó dé orí ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ. Ká ní fọ́ọ̀mátì ló yá a lára, ilẹ̀kùn yẹn ì bá ti wà ní ṣíṣí káàkiri ayé. Ó kan mọ bí ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe ń ṣe nígbà tí ara rẹ̀ dá, kò sì gbà kí ìyàtọ̀ díẹ̀ kọjá láìbi í léèrè ni.

Mi ò sọ pé fọ́ọ̀mátì kò ní ọjọ́ tirẹ̀. Tí ẹ bá ti mọ ìdí, tí ẹ ti ṣe ẹ̀dà, tí olóhun sì ti gbà, ẹ fọ́ọ̀mátì. Ti pé olóhun gbà yẹn ṣe pàtàkì fún mi ju bó ṣe rí létí lọ. Ohun tó wà nínú ẹ̀rọ yẹn kì í ṣe tiwa. Òfin Ìdáàbòbò Dátà ti Nàìjíríà wà láti 2023. Ṣùgbọ́n kí òfin tó dé pàápàá, ìtìjú àti ọmọlúàbí ti sọ pé oníṣẹ́ kò gbọdọ̀ ṣí àwòrán oníbàárà wò, kò sì gbọdọ̀ pa á rẹ́ láìjẹ́ pé ó bi í. Nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ẹ kọ ọ́ sára ògiri kí ọmọ iṣẹ́ máa rí i.

Ohun kan tún kù. Ẹnikẹ́ni tó bá ti ṣe iṣẹ́ yìí pẹ́ ti ní ìmọ̀ tó pọ̀ nínú orí: irú ẹ̀rọ tí ihò ṣájà rẹ̀ máa ń jóná, irú dísìkì tí nọ́ńbà 197 rẹ̀ ń tètè gòkè, irú Wi-Fi tí kì í rí dráífà. Kò sí níbi kankan tí wọ́n kọ ọ́ sí. Tí ọ̀gá bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó bá a lọ. Mo fẹ́ kí ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan ní ìwé kan: ọjọ́, irú ẹ̀rọ, ọ̀rọ̀ tí ẹ̀rọ gbé jáde gẹ́gẹ́ bó ṣe gbé e jáde láìfi kún un, láìyọ kúrò, ohun tí ẹ yí padà, ohun tó tẹ̀lé e. Èdè Yorùbá ni kí ẹ kọ ọ́ ní, kí ọmọ iṣẹ́ tí Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò tíì dán má bàa máa méfò.

Tó bá jẹ́ orí kọ̀ǹpútà lẹ fẹ́ kọ ọ́ sí, ẹ tẹ setxkbmap ng yoruba. Àtẹ ìtẹ̀wé tiwa ti wà nínú Linux, ó wà níbẹ̀ tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀. Lórí ẹ̀rọ tó ń lo Wayland, inú ètò àtẹ ìtẹ̀wé lẹ ti máa yàn án. Àwọn fọ́ńtì kan kì í gbé àmì orí ẹ àti ọ síbi tó yẹ. Ẹ gbìyànjú Noto tàbí DejaVu, kí ẹ wò ó bóyá ẹ́ jókòó dáadáa. Àlàyé dmesg ni màá fẹ́ kí a kọ́kọ́ jọ kọ, oríṣi ìlà mẹ́wàá tó máa ń wá sí Agbójú jù, ohun tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń sọ, àti ohun tí ó yẹ ká wò lẹ́yìn rẹ̀. Mo ti kọ ti I/O error àti ti USB tí kò gba àdírẹ́ẹ̀sì. Ẹni tó bá ní tiẹ̀ lọ́wọ́, kó wá bá mi lẹ́yìn ìjókòó yìí.